Ẹni Tó Fẹ́ Gba Másítà Sọ́fítíwíà ní Àjàṣẹ́

Bí ẹ bá ń ka ìwé ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti kọ láti bí ọgbọ̀n ọdún wá, àdírẹ́sì kan á máa yọjú lábẹ́ orúkọ wọn: B.P. 613, Porto-Novo, ìlú tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. Àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ni ín ni Institut de Mathématiques et de Sciences Physiques, tí gbogbo èèyàn ń pè ní IMSP. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jean-Pierre Ezin ló dá a sílẹ̀ ní 1988, lọ́dún tí owó kò sí. Àwọn báǹkì ìlú ń ṣubú nígbà náà, àwọn tíṣà àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ka oṣù láìrí owó gbà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dá ilé ìwádìí ìṣirò sílẹ̀ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n Ezin rí alátìlẹ́yìn ní ilé ìwádìí físíìsì tó wà ní Trieste, ní Ítálì, èyí tí Abdus Salam, ọmọ Pakistan tó gba ẹ̀bùn Nobel, dá sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí kò rọ́wọ́ họrí. Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ezin fúnra rẹ̀ di kọmíṣọ́nnà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà láti 2008 sí 2012.

Dangbo ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà báyìí, lápá òkè Àjàṣẹ́, lójú ọ̀nà tó gba ilẹ̀ àwọn Wémè kọjá. Ìṣirò àti físíìsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wá bá wọn níbẹ̀. Nígbà tí Báǹkì Àgbáyé ń yan àwọn ibùdó ìmọ̀ tó tayọ ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ní 2014, ibùdó ti Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n mú ni ti ìṣirò àti ìlò rẹ̀, ilé IMSP yìí sì ni wọ́n gbé e kà.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu pé ẹ̀bá Àjàṣẹ́ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìwé ni Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, fi ń ṣòwò láyé ìjọba Faransé. Láti ilé-ìwé Victor Ballot tó di Lycée Béhanzin lónìí ni àwọn tíṣà àti akọ̀wé ti ń jáde lọ ṣiṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, títí tí àwọn ará Abidjan fi dìde sí wọn ní 1958 tí wọ́n sì lé wọn padà wálé. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Faransé kan, Emmanuel Mounier, ló ní Dahomey ni àdúgbò àwọn ọ̀mọ̀wé ní Áfíríkà. Àwọn ará Àjàṣẹ́ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Lónìí, ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ láti Ouando títí dé Ṣákẹ́tẹ́ kì í ṣe ti akọ̀wé mọ́. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: ẹni tó ti mọ kóòdù kọ, tó ń rí iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ló tún fẹ́ lọ fi ọdún méjì wá nínú kíláàsì másítà? Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Èsì tèmi ni pé bó bá jẹ́ kóòdù kíkọ nìkan ló fẹ́ lọ kọ́, kó jókòó sílé rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì á kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Másítà kò wà fún ìyẹn.

Ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún ara rẹ̀ lè fojú díwọ̀n iyọ̀. Alásè tó fẹ́ bọ́ ẹgbẹ̀rún èèyàn níbi ìnáwó, tí ọmọọṣẹ́ mẹ́wàá ń dáná pẹ̀lú rẹ̀, tí olóde sì ti sanwó sílẹ̀, ojú kò tó o. Ó ní láti mọ iye àpò ìrẹsì, ẹni tó máa dé ní kùtù, ohun tí wọ́n á ṣe bí gáàsì bá tán, àti bí ọbẹ̀ tí ọmọọṣẹ́ kejì sè kò ṣe ní yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ohun tí àwọn olùkọ́ tó ń sọ Faransé ń pè ní génie logiciel, tí àwa lè pè ní ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà, ibẹ̀ ló dúró sí.

Orúkọ náà kò tíì pẹ́ láyé. Ní oṣù kẹwàá 1968, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà bí àádọ́ta pàdé ní Garmisch, ní gúúsù Jámánì, níbi ìpàdé kan tí ẹgbẹ́ NATO ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ohun tó kó wọn jọ kò dùn ún gbọ́: kọ̀ǹpútà ń lágbára sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí wọ́n ń kọ fún un ń pẹ́ ju àdéhùn, ó ń jẹ owó ju èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ, ó sì ń já wọn kulẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbára lé e. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ìpàdé náà ní orúkọ tó máa ta èèyàn lára, nítorí lójú wọn nígbà náà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni afárá kíkọ́ àti ọkọ̀ òfuurufú. Kóòdù kíkọ kò tíì ní òfin tó jọ ti iṣẹ́ ẹ̀rọ kankan.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí kò tíì kọ kóòdù rí ni ti rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5, bí àwọn olùkọ́ sì ṣe ń lò ó títí di òní yìí fi hàn pé kì í ṣe èmi nìkan. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì náà gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Kourou, ní Guyane tó wà lábẹ́ Faransé. Sátẹ́láìtì mẹ́rin ló rù. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó kúrò nílẹ̀ tó fi ṣẹ́rí kúrò lọ́nà, tó fọ́ yángá lójú ọ̀run. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ láti wádìí, Jacques-Louis Lions, àgbà onímọ̀ ìṣirò, ni wọ́n fi ṣe alága.

Ohun tí ìgbìmọ̀ rí kéré débi tó fi ń dẹ́rù bani. Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì dojú kọ ní nọ́ńbà kan tó ń wọn bó ṣe ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé nọ́ńbà náà láti inú àyè ńlá sínú àyè kékeré tí kò lè gba ohun tó bá ju 32,767 lọ. Nọ́ńbà náà ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ dákú. Ẹ̀rọ kejì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpamọ́, ṣùgbọ́n kóòdù kan náà ló wà nínú rẹ̀, òun náà sì ti dákú ṣáájú àkọ́kọ́ bí ẹni ṣẹ́jú. Níbo ni kóòdù náà ti wá? Ara Ariane 4 ni wọ́n ti yọ ọ́. Nínú Ariane 4, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kì í yára sí ẹ̀gbẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà kò sì lè pọ̀ jù. Ohun tó tún wá dunni ni pé apá kóòdù yìí kò ní iṣẹ́ kankan mọ́ nínú Ariane 5 bó bá ti lè gbéra. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Ta lẹ fẹ́ mú? Ẹni tó kọ kóòdù náà kọ ọ́ dáadáa fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ẹni tó tún un lò rí i pé kóòdù tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Àlàfo wà láàárín àwọn méjèèjì: kò sí ẹni tó béèrè pé kí ni ẹni àkọ́kọ́ rò pé kò lè ṣẹlẹ̀ láé, ṣé kò sì lè ṣẹlẹ̀ níbí? Èèyàn lè kọ kóòdù fún ogún ọdún láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè yẹn. Nínú másítà tó péye, wọn ò ní yé bi yín.

Bí ètò rẹ̀ ṣe rí kò ṣòro láti sọ. Láti ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA, àjọ ọrọ̀-ajé àti owó ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti fẹnu kò ní 2007 pé yunifásítì wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìlànà licence, master àti doctorat, ọdún mẹ́ta àti krédíìtì 180 ni licence, ọdún méjì àti krédíìtì 120 ni master. Ìlànà kan náà ni Yúróòpù ń lò, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá gba másítà ní Bẹ̀nẹ̀ fi lè gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ lọ béèrè àyè doctorat ní Faransé tàbí Jámánì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Lóòótọ́, wọ́n á kọ́ yín ní ohun tó wà nínú gbogbo ìwé: bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ètò pẹ̀lú UML, bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa ṣe, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń fi Git, èyí tí Linus Torvalds kọ ní 2005, ṣiṣẹ́ lórí kóòdù kan láìpa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. Ìyẹn kò le. Ohun tó le ni ìwé tí wọ́n ń pè ní cahier des charges, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ní láti kọ ohun tí oníbàárà fẹ́ sílẹ̀ ní èdè tí oníbàárà àti ẹni tó ń kọ kóòdù á jọ lóye. Oníbàárà kì í mọ ohun tó fẹ́. Yóò ní òun fẹ́ kí ètò náà "rọrùn". Yóò ní kí ó "dà bí WhatsApp". Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ, á bọ̀, á tún lọ. Àwọn ọmọ tó mọ kóòdù jù nínú kíláàsì ni iṣẹ́ yìí máa ń ká mọ́wọ́, nítorí ó gba sùúrù àti etí, ẹ̀rọ kò sì béèrè ìkankan nínú méjèèjì lọ́wọ́ wọn rí.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ní wàhálà tirẹ̀. Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ sọ́fítíwíà OS/360 ní IBM, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1975 pé bí iṣẹ́ sọ́fítíwíà bá ti pẹ́, fífi èèyàn kún un á tún mú un pẹ́ sí i ni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tuntun kò mọ nǹkan kan, àwọn àtijọ́ á fi iṣẹ́ sílẹ̀ kọ́ ọ, iye ẹni tó gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ á sì di ìlọ́po. Ẹ lè ka gbólóhùn yẹn lójú kan kẹ́ ẹ mi orí. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, tí ẹnì kan ti rìnrìn àjò, tí ẹnì kan kò dáhùn ìpè, tí iná sì lọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú soutenance, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ máa gbèjà iṣẹ́ yín níwájú ìgbìmọ̀, kí ó tó yé yín.

Níbo wá ni ọmọ Àjàṣẹ́ á ti rí i kọ́? Àjàṣẹ́ ni olú ìlú Bẹ̀nẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n Abomey-Calavi ni yunifásítì ńlá wà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1970, ó di Yunifásítì Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, ó sì gba orúkọ Calavi ní 2001. Nínú ọgbà rẹ̀ ni IFRI wà, ilé-ẹ̀kọ́ tó dá lórí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, tí wọ́n ti ń kọ́ génie logiciel, ààbò kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eugène Ezin tó ti darí rẹ̀ rí, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ IMSP ni, nítorí náà okùn kan so Dangbo pọ̀ mọ́ Calavi. Ilé-ẹ̀kọ́ EPAC tún wà nínú ọgbà kan náà fún àwọn tó fẹ́ gba ọ̀nà ẹnjiníà wọ̀ ọ́. Ní Kútọnu, Epitech ti Faransé ti ṣílẹ̀kùn lábẹ́ ètò Sèmè City tí ìjọba gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀ ju ìwé kíkà lọ, owó rẹ̀ sì ju ti ìjọba lọ dáadáa.

Ọ̀nà ni ìṣòro àkọ́kọ́. Láti Tokpota ní Àjàṣẹ́ dé Calavi, èèyàn ní láti gba Sèmè kọjá, kó wọ Kútọnu, kó jáde ní òdì kejì rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè máa ṣe ìyẹn lójoojúmọ́ kó sì tún kàwé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ fi ń háyà yàrá ní Calavi, tí wọ́n ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀ láti wá kó gàrí àti ata. Ti Dangbo sàn lápá kan: ó súnmọ́lé, ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ariwo ìgboro ni kò ní rí i gbádùn.

Èdè ni ìkejì. Faransé ni olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀, Faransé ni wọ́n fi ń kọ mémoire, ìwé iṣẹ́ àṣeparí akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ìwé àmúlò, ìkìlọ̀ àṣìṣe, ọ̀rọ̀ inú kóòdù fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Níbí ni ọmọ Àjàṣẹ́ ti ní àǹfààní tí ọmọ Paris kò ní. Ó ti ń sọ Gùn àti Yorùbá láti kékeré, ó kọ́ Faransé níléèwé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wà ní Ìdíìrókò tàbí ní Èkó, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ṣàjèjì sí etí rẹ̀. Ẹni tó ti ń fò láti èdè kan bọ́ sí òmíràn látàárọ̀ dalẹ́ kò ní bẹ̀rù Java.

Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí, pàápàá fún àwọn òǹkàwé wa ní Nàìjíríà. Ní ìparí 2023, akọ̀ròyìn Umar Audu ti ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé ìròyìn jáde nípa bí òun ṣe gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti Kútọnu láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láìjókòó nínú kíláàsì, tó sì tún fi lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní NYSC. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Togo dúró. Àwọn tó fi òógùn wọn kàwé ní Calavi jẹ nínú ìyà àwọn tó ra ìwé. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ti Bẹ̀nẹ̀ nìkan. Ẹni tó ń tà wà, ẹni tó ń rà wà, àwọn tó ń rà sì pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ tiwa.

Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbé ìdánwò orílẹ̀-èdè kalẹ̀ fún licence àti master àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, kí ìwé-ẹ̀rí má baà di ohun tí olówó ilé-ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kankan, kó béèrè bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń jókòó fún ìdánwò yẹn àbí ìjọba ti fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí wọn tààrà. Kó tún ní kí wọ́n fi mémoire méjì tí àwọn tó ṣáájú kọ han òun. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ní mémoire kankan láti fi hàn kò ní másítà. Bí wọ́n bá sì sọ pé ọdún méjì yẹn lè di oṣù mẹ́ta, kí ó gbé àpò rẹ̀ ńlẹ̀ kó máa lọ.

Mémoire yẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣòfò. Ìdajì ọdún kejì ló ń gbà. Wọ́n á lọ mú àkòrí tó ti wà nínú ìwé Amẹ́ríkà, wọ́n á tún ètò ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbìmọ̀ soutenance á pàtẹ́wọ́, ó tán. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn.

Ẹ wo ọ̀kan. Ká ní ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́ fẹ́ ètò tí yóò fi máa wá fáìlì aláìsàn pẹ̀lú orúkọ. Lójú ẹni tó kàn mọ kóòdù kọ, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ọkùnrin kan dé, Adéṣínà ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé ìbí rẹ̀ tí akọ̀wé Bẹ̀nẹ̀ kọ, Adéchina ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bí ní Ìdíìrókò ń jẹ́ Adeshina. Olatoundji àti Olatunji, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lè jẹ́. Álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè abínibí tí Bẹ̀nẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1975 tún ní ìlànà tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ, tí wọ́n ń kọ sh dípò ṣ, tí p tiwa sì di kp. Adépéjù di Adekpeju.

Kò tán síbẹ̀. Unicode, àkójọ tí kọ̀ǹpútà fi ń fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ nọ́ńbà fún ẹ tó ní àmì ohùn òkè lórí. Títò ni wọ́n ń tò ó. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kó tó gbé àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ é ti Faransé kó wá fi àmì sí ìdí rẹ̀, èyí sì rọrùn gan-an lórí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń lò ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹnì kẹta lè bẹ̀rẹ̀ láti e lásán kó to àmì méjèèjì tẹ̀ lé e. Lójú nọ́ọ̀sì, ọ̀kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́ta ni wọ́n, àfi bí ẹni tó kọ ètò bá rántí sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá orúkọ.

Ẹnì kan á ní: ṣebí Soundex wà? Ó wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é láti fi wá orúkọ tí ìkọ̀wé wọn yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí ohùn wọn jọra, ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti wà láti 1918. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó ń ju fáwẹ̀lì dànù, ó sì ń sọ kọ́ńsónáǹtì tó kù di nọ́ńbà. Ẹ fi Adéchina àti Adeshina bọ inú rẹ̀: A325 ni méjèèjì, ó rí wọn. Olatoundji àti Olatunji náà jọ jẹ́ O435. Inú yín dùn. Ẹ wá fi Adepeju àti Adekpeju sí i: A312 àti A321. Kò mọ̀ wọ́n mọ́. Èyí tó burú jù ni pé Adéọlá, Adéolú àti Adélé, A340 ni gbogbo wọn. Èèyàn mẹ́ta ti di ẹyọ kan, nítorí fáwẹ̀lì tí ẹ̀rọ náà jù dànù ni orúkọ Yorùbá gbé ìyàtọ̀ rẹ̀ sí. Bí fáìlì Adéolú bá ṣí sílẹ̀ níwájú dókítà nígbà tí Adéọlá jókòó níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kóòdù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi oṣù mẹ́fà ṣe ètò tó mọ orúkọ Gùn, Fọ̀n àti Yorùbá ní gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibodè, tó kó àpẹẹrẹ jọ, tó kọ àyẹ̀wò sí i, tó sì ṣàlàyé ibi tó ti lè kùnà, ti ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ sọ́fítíwíà. Ó tún ti ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ìdánimọ̀, báǹkì àti iléèwé á fẹ́ rà. Kì í sì í ṣe àlá. Ní 2020, ọ̀dọ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, Bonaventure Dossou, àti Chris Emezue ọmọ Nàìjíríà gbé FFR jáde, ètò tó ń túmọ̀ Fọ̀n sí Faransé. Wọn ò bọ́ àmì ohùn Fọ̀n sọnù bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe nítorí ìrọ̀rùn, wọ́n sì rí i pé èsì dára jù nígbà tí àmì wà níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè ló mọ̀ pé àmì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Iṣẹ́ ńkọ́? Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tó kárí gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, Code du numérique, ní 2018. Ní 2020 wọ́n ṣí ojúlé service-public.bj, tí àwọn onímọ̀ láti Estonia bá wọn dá sí, kí ará ìlú lè máa gba ìwé ìjọba láìtò sórí ìlà. Ilé-iṣẹ́ kékeré bí FedaPay àti KKiaPay ń so àwọn oníṣòwò pọ̀ mọ́ owó orí fóònù. Gbogbo ìwọ̀nyí ń fẹ́ ẹni tó máa tọ́jú wọn, nítorí títọ́jú sọ́fítíwíà ló ń jẹ owó jù, kì í ṣe kíkọ rẹ̀. Àlejò lè bá wa kọ ọ́; àlejò kò lè máa bá wa jí ní ago mẹ́ta òru nígbà tó bá dákú.

Ṣùgbọ́n èmi kò ní purọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ tó gba másítà yìí á lọ, bí àwọn akọ̀wé Dahomey ṣe lọ láyé àtijọ́. Àwọn kan á wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn mìíràn á jókòó sí yàrá wọn ní Djassin ní Àjàṣẹ́, wọ́n á máa ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Paris tàbí Montréal, tí owó á máa wọlé ní yúrò tàbí dọ́là. Èmi kò rí ẹ̀bi wọn. Owó oṣù tí a ń fún ẹni tó ń tọ́jú ètò ìjọba ni kí ẹ bi àwọn tó ń ṣètò ìnáwó léèrè.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dún yìí kò pọ̀. Kó mú ìwé kan, kó kọ ìṣòro kan tó fẹ́ fi ọdún méjì náà yanjú, ìṣòro tó mọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀ àti àdúgbò tó wà. Bó bá rí i kọ, kó lọ sí Calavi tàbí Dangbo, kó gbé ìwé náà fún olùkọ́ tó máa darí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀. Bí kò bá rí i kọ, kó lọ ṣiṣẹ́ ọdún kan ná níbikíbi tí sọ́fítíwíà ti ń já àwọn èèyàn kulẹ̀. Àyè másítà á ṣì wà nígbà tó bá padà dé.